Ẹ Má Tíì Ju Rédíò Tó Bá Ọkọ̀ Yín Wá Nù: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe, Kí Ẹ sì Fi Bluetooth Sí I

Bàbá mi ní Toyota Camry 1999 kan, irú èyí tí a ń pè ní Pencil Light. Ọkọ̀ náà kì í fún wọn ní wàhálà. Rédíò rẹ̀ ló ṣàdédé dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi kì í sì í wakọ̀ jáde láì gbọ́ Amúlùdùn 99.1. Wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ríwáyà kan ládùúgbò. Kò tó wákàtí méjì tó fi gé sọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì tó wà lẹ́yìn rédíò, tó so rédíò tuntun mọ́ àwọn wáyà náà, tó sì fi téèpù dúdú wé gbogbo rẹ̀ jọ bí ẹni di egbò. Láti ọjọ́ náà ni sípíkà iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Bátìrì ń kú mọ́jú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, òórùn wáyà jíjó ń jáde lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Mo lọ gba rédíò àkọ́kọ́ padà. Mo gbé e sórí tábìlì, mo fún un níná láti ara bátìrì, ó sì sọ̀rọ̀ ketekete. Kò sí ohun tó ṣe rédíò. Fíùsì 10A kan ló jó nínú ọkọ̀, nítorí pé ihò gílóòbù inú búùtù ti dípẹtà, ó sì ń kan irin. Nígbà tí mo ń tú téèpù dúdú yẹn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti yọ́ nínú ooru, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí àtè, inú mi ò dùn rárá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fọwọ́ ara mi tún rédíò ọkọ̀ wa ṣe, àti ti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó bá gbé tiwọn wá. Nínú ọkọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n bá ní rédíò rẹ̀ ti bàjẹ́, èyí tí rédíò gan-an bàjẹ́ nínú rẹ̀ kì í pọ̀. Fíùsì ni, tàbí éríà, tàbí sípíkà, tàbí wáyà tí ẹnìkan ti gé rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ṣáájú, kí ríra ohun tuntun tẹ̀ lé e. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ wá, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀gá tó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan súkúrúù kankan

Ẹ kọ́kọ́ wo irú àìsàn tó ń ṣe é.

Bí kò bá tan rárá, ọ̀rọ̀ fíùsì ni ẹ ó kọ́kọ́ rò. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà wọ rédíò ọkọ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tọ̀sán tòru, òun ni kì í jẹ́ kí rédíò gbàgbé aago àti ìkànnì tí ẹ tọ́jú sí i. Èkejì máa ń dé nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ACC, ìyẹn ibi tí rédíò ti lè ṣiṣẹ́ láì tíì ṣáná sí ọkọ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá já, rédíò lè má tan. Àpótí fíùsì kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ awakọ̀, òmíràn wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ RADIO, ACC, CIG tàbí DOME sí. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, fíùsì DOME ló ń gbé iná òrùlé ọkọ̀, aago àti iná àìsùn ti rédíò. Nítorí náà, bí rédíò bá kú, tí iná òrùlé náà kò sì tàn nígbà tí ẹ ṣílẹ̀kùn, ọkọ̀ ti sọ ibi tó ń dùn ún fún yín. Bí ẹnìkan bá ti wo òrùlé ọkọ̀ bàbá mi lọ́jọ́ yẹn, a ò bá má náwó.

Fíùsì tó bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò. 10A kì í ṣe 30A, kì í sì í ṣe wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ká sára ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá tún jó lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ń kan irin níbì kan, ẹ wá a rí kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Ẹ rántí pé àwọn rédíò kan tún ní fíùsì tiwọn lẹ́yìn, 10A tàbí 15A.

Bó bá tan, tó wá kọ CODE (Honda ló máa ń ṣe èyí jù) tàbí SEC (lára àwọn Toyota kan), kò bàjẹ́. Wọ́n yọ bátìrì ni, rédíò sì ń bèèrè nọ́ńbà àṣírí kó lè mọ̀ pé wọn ò jí òun. Nọ́ńbà náà máa ń wà lórí káàdì kékeré kan nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ wò ó nínú pígíọ́nhóòlù, nítorí pé bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ó lè ti bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàkíyèsí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yọ rédíò, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára irin rẹ̀ sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ń wá nọ́ńbà àṣírí jáde. Ẹ má ṣe máa dán nọ́ńbà wò bí ẹni ta tẹ́tẹ́. Bí àṣìṣe bá pọ̀, rédíò á ti ara rẹ̀ pa.

Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá dákẹ́, ẹ tẹ ibi tí BAL (tó ń pín ohùn sí ọ̀tún àti òsì) àti FAD (tó ń pín in sí iwájú àti ẹ̀yìn) wà kí ẹ rí i pé wọ́n wà láàárín. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá láti Ṣàngó torí pé sípíkà ẹ̀yìn kú, tó sì jẹ́ pé ọmọ kékeré ló fi ọwọ́ ṣeré lára FAD.

Bí ó bá jẹ́ pé ó máa ń dákẹ́, tí ọkọ̀ bá sì kó sí gálọ́ọ̀pù ó tún sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀dì kan (irin rírọ̀ tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà àti ẹ̀yà inú rédíò) ti là nínú rẹ̀, tàbí kí sọ́kẹ́ẹ̀tì má wọlé dáadáa. Èyí ṣeé tún ṣe, mo máa dé ibẹ̀.

Irinṣẹ́

Kò pọ̀. Mítà onínọ́ńbà, èyí tó rọjú náà tó. Sípánà bọ́ọ̀kìsì 10, sukudiráfà ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ àti ẹlẹ́nu àgbélébùú, káàdì ATM tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ (òun ni ẹ ó fi máa ṣí ike láì ha á), bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré 1.5V kan, àti irin gbígbóná tí àwọn onírédíò fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Ní Ìbàdàn, ọjà Àràrọ̀mí ní Àgódì Gate ni mo ti máa ń rí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tòkúnbọ̀, pẹ̀lú wáyà gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bẹ àwọn tó ń tà á pé kí wọ́n gé e jìnnà sí ẹnu. Ohun kéékèèké bíi mítà àti lẹ́ẹ̀dì, ẹ ó rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Queen Cinema.

Yíyọ rédíò

Ẹ kọ àwọn ìkànnì yín sílẹ̀, àti nọ́ńbà àṣírí bó bá wà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ ti nẹ́gétíìfù. Toyota ní kí a dúró ó kéré tán 90 ìṣẹ́jú àáyá kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nítòsí éàbáàgì. Èmi máa ń dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, nítorí pé kò sí ibi tí mo ń kánjú lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí tó bá jẹ́ yẹ́lò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ti éàbáàgì ni, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ike tó yí rédíò ká, ọ̀pọ̀ ìgbà ìkọ́ ló fi ń dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fà á, ẹ yọ àpótí eérú sìgá, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá súkúrúù kan pamọ́ síbẹ̀. Ike ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún, tí oòrùn Dùgbẹ̀ ti ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀, máa ń gbó bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ jẹ́ kí inú ọkọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ike tó gbóná díẹ̀ máa ń tẹ̀, èyí tó tutù máa ń kán. Ẹ ti káàdì bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ máa rọra ṣí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ ó gbọ́ ìró ìkọ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń tú. Bí bọ́tìnnì iná ìkìlọ̀ tàbí ti AC bá wà lára ike náà, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn náà, ẹ má jẹ́ kí ike rọ̀ sórí wáyà.

Lára ọ̀pọ̀ Toyota, bóòtù mẹ́rin tó gba sípánà 10 ló di rédíò mú, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ẹ kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ẹ fa rédíò síwájú díẹ̀, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó tú ohunkóhun. Àwòrán yẹn yóò gbà yín lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta tí ojú bá ti rẹ̀ yín. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n kékeré tí a máa ń tẹ̀ kó tó jáde. Ara rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe wáyà. Bákan náà ni ti éríà, orí rẹ̀ ni kí ẹ fà.

Wáyà: ibi tí ọ̀pọ̀ rédíò ti ń kú

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí, nítorí pé ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ bàbá mi.

Lára Toyota ìgbà yẹn, sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lẹ́yìn rédíò, ọ̀kan ní ojú ihò mẹ́wàá, èkejì ní mẹ́fà. Wáyà búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ni iná àìsùn. Aláwọ̀ eérú ni iná ACC. Bíráùn ni ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tó lọ sára irin ọkọ̀. Aláwọ̀ ewé ni iná tó ń tan ojú rédíò lálẹ́. Ní ti sípíkà, pínkì àti elésè àlùkò ni iwájú lósì, ewé fẹ́ẹ́rẹ́ àti búlúù ni iwájú lọ́tùn-ún, dúdú àti yẹ́lò ni ẹ̀yìn lósì, pupa àti funfun ni ẹ̀yìn lọ́tùn-ún. Èyí tí mo kọ́kọ́ dárúkọ nínú méjì-méjì ni pọ́sítíìfù.

Rédíò tí ẹ rà lọ́jà ní èdè tirẹ̀. Yẹ́lò tirẹ̀ ni iná àìsùn, pupa ni ACC, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, olómi ọsàn ni iná ojú. Búlúù ni ti éríà tó ń dìde fúnra rẹ̀, búlúù tó ní ìlà funfun ni ti ańpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn. Sípíkà iwájú lósì jẹ́ funfun, iwájú lọ́tùn-ún jẹ́ aláwọ̀ eérú, ẹ̀yìn lósì jẹ́ aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn lọ́tùn-ún jẹ́ elésè àlùkò, èyí tó bá sì ní ìlà dúdú lára nínú wọn ni nẹ́gétíìfù.

Ẹ wo aláwọ̀ eérú dáadáa. Lára Toyota, iná 12V ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ACC. Lára rédíò tuntun, ẹnu sípíkà iwájú lọ́tùn-ún ni. Ẹni tó bá so eérú mọ́ eérú nítorí pé àwọ̀ wọn jọra, iná bátìrì ló tì sẹ́nu sípíkà yẹn. Ohun tó pa ọwọ́ ọ̀tún rédíò tuntun bàbá mi nìyẹn. Nígbà tí ríwáyà náà kò sì rí iná níbi tó ń retí rẹ̀, ó fa wáyà tuntun tààrà láti orí bátìrì, láì fi fíùsì sí i, ó lọ́ yẹ́lò àti pupa pọ̀ sára rẹ̀. Rédíò kò sùn mọ́ lẹ́yìn náà, bátìrì ni kò sì jí.

Nítorí náà, àwọ̀ nìkan kò tó. Ẹ dá orí bátìrì padà fún ìgbà díẹ̀, ẹ yí mítà sí 20V DC, kí ẹ fi ẹsẹ̀ dúdú mítà kan irin ọkọ̀ tí a ti ha kunra rẹ̀ kúrò. Wáyà iná àìsùn gbọ́dọ̀ fi bíi 12.6 hàn bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà nínú àpò yín. ACC gbọ́dọ̀ jẹ́ òfo títí ẹ ó fi yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ tan ọkọ̀, kí ó gòkè sí àárín 13.8 sí 14.4. Bó bá ti ju 15 lọ, ẹ lọ tún ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná) ṣe ná, torí iná tó pọ̀ jù yóò pa rédíò tuntun gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ pa ti àtijọ́.

Bí wọ́n bá ti gé sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín tẹ́lẹ̀, ó ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹ ra irú rẹ̀ ní Àràrọ̀mí, kí ẹ so wáyà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, kí ẹ jó lẹ́ẹ̀dì sí i, kí ẹ fi rọ́bà tó ń súnkì nígbà tí a bá fi iná sí i bò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ so ìsopọ̀ kan ga, kí èkejì lọ sílẹ̀, kí wọ́n má bàa wà lójú kan náà. Mo fi odidi ọ̀sán Sátidé kan ṣe ti bàbá mi. Wáyà rẹ̀ kò tíì yọnu láti ìgbà náà.

Sípíkà

Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe wà lọ́wọ́ yín yìí, tí rédíò kò sí lára rẹ̀, ẹ lè bi sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léèrè ọ̀rọ̀ láì tú ilẹ̀kùn kankan. Ẹ mú bátìrì 1.5V, ẹ fi wáyà kéékèèké méjì so ó mọ́ ojú ihò sípíkà kan, kí ẹ kàn án, kí ẹ tún yọ ọ́ kíá. Sípíkà tó wà láàyè á dún pàù. Èyí tó bá dún bí ẹni ń ha páànù, bébà rẹ̀ ti ya tàbí kọ́ìlì inú rẹ̀ ti ń ha. Èyí tí kò bá dún rárá, ẹ yí mítà sí òòmù (Ω): sípíkà òòmù mẹ́rin á fi bíi 3.2 sí 3.8 hàn, èyí tó já kò ní fi nǹkan kan hàn. Ẹ tún wọn wáyà sípíkà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irin ọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí ìbáṣepọ̀ kankan láàárín wọn. Bó bá wà, wáyà ti bó níbi tó ti ń gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, níbi tó ti ń tẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i.

Sípíkà ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí abẹ́ gíláàsì ni wọ́n ń gbé. Fóòmù tó yí etí bébà rẹ̀ ká á gbẹ, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án á fọ́ wúruwùru bí àkàrà àná. Bí bébà rẹ̀ bá ṣì dára, ẹ lè pààrọ̀ fóòmù nìkan. Bí bébà bá ya díẹ̀, ẹ fi tíṣù fẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́ níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá ju ìyẹn lọ, ẹ ra òmíràn tó jẹ́ òòmù mẹ́rin, kí ẹ sì wọn jíjìn rẹ̀. Sípíkà ilẹ̀kùn tó bá jìn jù á kan gíláàsì nígbà tí gíláàsì bá sọ̀ kalẹ̀.

Nínú ilẹ̀kùn, ẹ ó rí ọ̀rá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á ya, ẹ má sì jù ú nù. Omi òjò ń gba ara gíláàsì ṣàn sínú ilẹ̀kùn, ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kó kan inú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn sípíkà. Òjò Ìbàdàn kì í ṣeré. Sípíkà tuntun tí wọ́n fi sínú ilẹ̀kùn tí kò lọ́rá kì í pẹ́ dípẹtà.

Bó bá jẹ́ inú rédíò gan-an ni

Bí ẹ ò bá jó lẹ́ẹ̀dì rí, ẹ gbé e fún onírédíò, ìyẹn àwọn tó ń tún rédíò ilé ṣe, ọ̀pọ̀ wọn mọ inú rẹ̀ ju ríwáyà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe.

Lẹ́ẹ̀dì tó là: ó máa ń wà ní ẹsẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ áísíì ńlá (ẹ̀yà dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀) tó ń gbé ohùn jáde. Ẹ máa rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ yíká ẹsẹ̀ náà bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Kí ó tún lẹ́ẹ̀dì jó sí i. Kapasítọ̀ (ẹ̀yà bí agolo kékeré tó ń tọ́jú iná) tó wú lórí tàbí tó da omi: kí nọ́ńbà µF tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, kí fọ́ọ́tì rẹ̀ má kéré sí i, kí ó sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 105°C sí, torí inú dáṣíbọ́ọ̀dù gbóná. Ojú rédíò tí kò mọ́lẹ̀ lálẹ́, gílóòbù bíńtín ló kú, ó ṣeé pààrọ̀.

Bí téèpù bá ń fa kásẹ́ẹ̀tì lọ́ra, bẹ́líìtì rọ́bà inú rẹ̀ ti yọ́ di ọ̀dà. Ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu gbogbo ọ̀dà náà kúrò kí ẹ tó fi tuntun sí i. Ẹ nu orí tó ń ka téèpù bákan náà. Ẹ má fọwọ́ kan súkúrúù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà, ìdúró rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ohùn já gaara. Ilé tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì àpàlà àti wákà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì yẹn tó ohun tí wọ́n ń ná wó sí.

Fífi Bluetooth sí i láì yọ ọ́ sọnù

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo mọ̀, mo sì ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́.

Kásẹ́ẹ̀tì oníwáyà, tàbí èyí tó ní Bluetooth nínú: ẹ tì í bọ ẹnu téèpù, ó parí. Ohùn rẹ̀ dára ju bí èèyàn ṣe rò lọ bí orí téèpù bá mọ́. Òun ni mo fi sílẹ̀ fún bàbá mi.

Èyí tí à ń kì bọ ihò sìgá, tó ń gba FM sọ̀rọ̀: ó rọrùn, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ràn kéré jù. Ojú FM Ìbàdàn ti kún. Premier wà ní 93.5, Oluyole ní 98.5, Amúlùdùn ní 99.1, Diamond ti Yunifásítì ní 101.1, Splash ní 105.5, Fresh ní 105.9, ká má tíì ka àwọn yòókù. Ẹ gbọ́dọ̀ wá àlàfo tó dákẹ́ níwá lẹ́yìn. Bí rédíò yín bá ti Amẹ́ríkà wá, nọ́ńbà tó parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9 nìkan ló mọ̀, kò lè dúró lórí 88.4. Àlàfo tó dákẹ́ ní Mọ́kọ́lá sì lè ní ilé iṣẹ́ rédíò lórí rẹ̀ bí ẹ bá ti wọ ọ̀nà Èkó.

Ihò CD changer (ẹ̀rọ tó ń gba CD púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan): ọ̀pọ̀ rédíò Toyota ní ihò olójú méjìlá lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń díbọ́n bí ẹni pé CD changer lòun, tí rédíò á sì gbà á wọlé. Ohùn rẹ̀ mọ́ jù. Kí ẹ tó rà á, ẹ mú àwòrán ẹ̀yìn rédíò dání, torí irú ihò méjì ló wà, èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ márùn-ún àti méje, àti èyí tó jẹ́ mẹ́fà àti mẹ́fà. Wọn ò bá ara wọn mu.

Ìkẹrin ni kí onírédíò jó bọ́ọ̀dù Bluetooth mọ́ inú rédíò, níbi tí ohùn téèpù ti ń wọlé sí ibi ìyíhùn. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni.

Bó bá di dandan kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀

Rédíò pẹlẹbẹ jẹ́ nǹkan bíi 180 × 50 mm lójú, onílọ́po méjì jẹ́ 180 × 100. Ti Toyota fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, 200 × 100, nítorí náà ẹ bèèrè fún èyí tó jẹ́ 200 tàbí ike ìdíàlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ ra wáyà ìsopọ̀ Toyota pẹ̀lú rẹ̀: apá kan bọ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, apá kejì ẹ jó o mọ́ wáyà rédíò tuntun lórí tábìlì nínú ilé. Kò sí gígé kankan nínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá ti àtijọ́ padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bí wọ́n bá kọ JBL (orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà) sára rédíò yín, ó ṣeé ṣe kí ańpilifáyà kan wà níbòmíràn nínú ọkọ̀, ìsopọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gun Peugeot 504 tàbí ọkọ̀ tó bá a dàgbà, ẹ gbọ́ èyí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, wáyà kan ṣoṣo ló lọ sí sípíkà, irin ọkọ̀ ló dúró fún èkejì. Rédíò òde òní kò gba bẹ́ẹ̀, nítorí pé iná wà lẹ́sẹ̀ sípíkà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá kan irin, áísíì rẹ̀ jó. Ẹ fa wáyà méjì tuntun fún sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ojú gbọọrọ oní-Android, bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ní kí ọlọ́jà tan án lójú yín fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ sì gbọ́ FM rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn lẹ́wà lójú, FM wọn kò sì tó ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀.

Ariwo, éríà, àti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Bí FM bá ń hó, tí Splash ń wọ inú Fresh, ẹ kọ́kọ́ wo éríà. Ẹ fi mítà wọn láti ṣóńṣó orí rẹ̀ dé àárín ẹnu tó ń wọ rédíò: ó gbọ́dọ̀ gba iná kọjá. Bí àárín ẹnu rẹ̀ bá sì ń kan ara ìta, omi ti wọ̀ ọ́. Ìdí éríà gbọ́dọ̀ kan irin mímọ́, ẹ ha ìpẹtà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ohùn kan bá ń sunkún, tó ń ròkè bí ẹ ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ so bíráùn mọ́ irin tó mọ́ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an. Bó bá jẹ́ Bluetooth tàbí wáyà fóònù nìkan ló fà á, ẹ ra àpótí kékeré tó ń ya ẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀, kí ẹ fi sáàárín.

Kí ẹ tó di ike padà, ẹ so gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọ̀ lórí aṣọ. Ẹ dán sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú BAL àti FAD, ẹ tan iná alẹ́, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Rédíò gbọ́dọ̀ kú, kí ó sì rántí ìkànnì. Ẹ wá fi mítà sí ipò 10A láàárín orí nẹ́gétíìfù àti wáyà rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ má ṣáná sí ọkọ̀ nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, iná tó ń jò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 0.05A. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ fíùsì rédíò. Bí nọ́ńbà bá jábọ́, iṣẹ́ yín ló ń jò, ẹ padà sídìí yẹ́lò àti pupa.

Ẹ wọn bátìrì lálẹ́, kí ẹ tún wọn ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó ṣáná. Ti bàbá mi jẹ́ 12.6 lálẹ́, ó jẹ́ 12.5 láàárọ̀. Mo tẹ ike padà sáyè rẹ̀, ìkọ́ kọ̀ọ̀kan sì dún wọlé.